Gíà Tí Kò Wọlé fún Pápá

Ọkọ̀ náà dún kràà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ páànù lórí kọnkéré. Pápá yára yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí gíà.

"Kí ló ń dún báyìí?" ó bi ara rẹ̀.

Winifred, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti ṣí géètì sílẹ̀, ó dúró tì í, ó ń retí kí ọkọ̀ jáde sí títì Igbosere. Ọjọ́bọ̀ ni, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Pápá Raymond Candido máa ń gbé ọkọ̀ yìí jáde, tí yóò lọ gbé Bàbá Àlàó, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní Ẹnu Ọ̀wá, tí àwọn méjèèjì yóò sì lọ gba atẹ́gùn ọ̀sà ní Marina. Ojú Bàbá Àlàó kò ríran dáadáa mọ́, Pápá nìkan ló sì kù tó ń mú un jáde nílé.

Ọkọ̀ eléré-ìje ayé àtijọ́ ni ọkọ̀ náà, kékeré, oníjókòó méjì péré, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ata. Ìgbà tí Pápá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin akọ̀wé kóòtù ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀. Kì í ṣe irú ọkọ̀ òde òní tó ń yí gíà fúnra rẹ̀. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlẹ̀ pátápátá, kí ó tó fi ọwọ́ ti gíà síbi tó fẹ́. Bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá wọlẹ̀ tán, gíà yóò máa pariwo, kò sì ní wọlé.

Pápá pa ẹ́ńjìnnì, ó sì dán gíà wò. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, láti ọ̀kan dé mẹ́rin. Ó tún tan ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ti gíà síwájú. Kràà. Ó fi agbára kún un. Kràà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Kò ṣe mí báyìí rí," ó ní. "Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí ẹní ń ti ọ̀bẹ bọ bọ́tà ni."

Ó bọ́ sílẹ̀. Kò ṣí iwájú ọkọ̀ wò. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló ń wò. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e sókè. Winifred rí i, ó sì mọ ohun tó ń rò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ fọwọ́ ba Pápá, ẹsẹ̀ òsì yìí gan-an ló sì dì mú. Ó pẹ́ kí ó tó lè rìn láìsí ọ̀pá. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tún wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ńṣe ló ń sunkún bó ti ń wà á lọ.

"Ti géètì," ni Pápá sọ. Ó wọlé, ó pe Bàbá Àlàó lórí fóònù pé kí ó má retí òun.

Winifred ti géètì, ṣùgbọ́n kò lè kúrò níbẹ̀. Ó mọ ohun kan tí Pápá kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òun Winifred ti gbé ọkọ̀ yìí jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fà á, tàbí kí a sọ pé ìfọ́nnu tirẹ̀ ló fà á. Ó ti sọ fún wọn pé òun mọ ọkọ̀ wà. Bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Wárì ti kọ́ ọ díẹ̀ nígbà ọlidé, ní gbàgede ilé iṣẹ́ rẹ̀. Pápá pẹ̀lú sì máa ń jẹ́ kó bá òun yí gíà nígbà tí wọ́n bá jọ jáde: Pápá á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, Winifred á fi ọwọ́ ti gíà. Àmọ́ Ọláyínká, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í ní kíláàsì, kò gbà á gbọ́. "Bí kò bá sí fídíò," ni Ọláyínká wí, "àlọ́ ìjàpá lò ń pa fún wa." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni Winifred ṣe sọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú pé inú ń run òun. Bí Pápá àti màmá rẹ̀ ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tán, ó mú kọ́kọ́rọ́ kejì ọkọ̀ náà lórí tábìlì Pápá. Òun àti Ọláyínká wa ọkọ̀ náà dé Marina, níbi tí àwọn báńkì ti tìlẹ̀kùn tí ojú títì sì ṣófo. Ọláyínká ń ya fídíò, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́rí padà, Winifred kánjú, gíà náà sì pariwo lẹ́ẹ̀kan kí ó tó wọlé. Wọ́n dé ilé láyọ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní báyìí, ariwo kan náà ló tún gbọ́. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló ba gíà jẹ́? Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè ba gíà jẹ́? Bí ó bá bà á jẹ́, báwo ló ṣe wa ọkọ̀ náà dé ilé? Kò mọ èyí tí yóò gbà.

Ní ọjọ́ kejì, Mọ̀núrù mẹkáníìkì dé. Òun ló ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, ọkùnrin gíga kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ó kí Pápá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Pápá?"

"Àná ni. Kò sí àmì kankan tẹ́lẹ̀."

"Ṣé ẹ gbé e fún ẹnikẹ́ni? Ṣé ẹlòmíràn wà á?"

"Ta ni màá gbé e fún?" Pápá rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Ó wo Winifred. "Winifred, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí nígbà tí mi ò sí nílé?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Winifred lójijì. Ó rí Mọ̀núrù tó ń wò ó, ó rí Pápá tó ń wò ó.

"Rárá, sà," ó wí.

Mọ̀núrù mi orí. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó yẹ òróró kílọ́ọ̀ṣì wò, ó rí i pé ó pé. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó jáde, ó ní kò sí ibi tó ń jò. Lẹ́yìn náà ló jókòó síbi awakọ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn méjèèjì, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì ti gíà.

Gíà wọlé láìdún rárá.

Winifred rò pé etí òun ló di. Mọ̀núrù wa ọkọ̀ náà jáde, ó yí Igbosere ká, ó padà wá. "Pápá, kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ yìí," ó wí. "Ẹ wà á wò."

Pápá wọlé, ó jókòó. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Kràà. Ó tún gbìyànjú. Kràà.

Mọ̀núrù họ orí. Ó tún jókòó síbẹ̀, gíà tún wọlé. Pápá tún jókòó, gíà tún kọ̀. Ọkọ̀ kan náà, gíà kan náà, ojú ẹsẹ̀ kan náà.

"Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún mi," Mọ̀núrù wí nígbẹ̀yìn. "N ò fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí n máa pa làpálàpá. N ò ní tú ohun tí kò bàjẹ́."

Kò sọ èyí tó kù. Kò sí ìdí fún un láti sọ ọ́. Bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn tí kò ṣiṣẹ́ fún ọ, ara rẹ ni o máa wò. Pápá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ti ògiri wọlé.

Ní ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé, Winifred rojọ́ fún Ọláyínká.

"Ṣé mẹkáníìkì ní ọkọ̀ ò bàjẹ́?" Ọláyínká bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Kí wá ni tìrẹ? O ò ba nǹkan kan jẹ́. Bí o bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, wọ́n á kàn nà ọ́ lásán ni. Màmá mi náà á gbọ́ pé mo tẹ̀ lé ọ."

Ó dàbí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ìrònú Winifred sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì. Apá kan ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí gíà ń wọlé fún Mọ̀núrù. Apá kejì ń bi í léèrè pé, bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí ló dé tó fi purọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà ló dé ẹnu ọ̀nà yàrá Pápá tó tún padà.

Nínú ilé, Pápá ń yí padà. Ẹni tó máa ń súfèé lórí àtẹ̀gùn tẹ́lẹ̀ wá ń di irin rẹ̀ mú bí ọmọ tuntun. Ó fi tapólì bo ọkọ̀. Tí ó bá jókòó níwájú ilé, á máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́, á sì mi orí. Bàbá Àlàó pè, Pápá ní kí wọ́n sọ pé òun ń sùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, ó sọ fún màmá Winifred, "Gloria, bá mi wá ẹni tó máa mú ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀."

Gloria gbé ṣíbí sílẹ̀. "Pápá, kí ló dé?"

"Àrùn yẹn ń padà bọ̀ wá bá mi. Mo mọ ẹsẹ̀ mi. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo rò pé mo tẹ̀ ẹ́ débi tó yẹ, mi ò sì tẹ̀ ẹ́ débẹ̀. Ara mi ń purọ́ fún mi."

Winifred ti àwo rẹ̀ síwájú. Síbẹ̀ kò jẹ́wọ́.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wàhálà ńlá dé. Winifred ti ilé ìwé dé, ó bá Pápá nílẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ ti ṣá, òógùn tútù bò ó. Ó pe orúkọ rẹ̀, Pápá dá a lóhùn, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò dúró. Winifred sáré pe màmá rẹ̀ ní báńkì ní Marina, ó sì pe àwọn aládùúgbò. Wọ́n gbé Pápá lọ sí ilé ìwòsàn tí kò jìnnà síbẹ̀.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ó ní kó ti ẹsẹ̀ òsì mọ́ ọwọ́ òun, kó tún ti ọ̀tún. Ó ní kó rẹ́rìn-ín, kó gbé apá sókè. Lẹ́yìn náà ló wò ó lójú.

"Bàbá, rọpárọsẹ̀ kò padà wá. Ẹsẹ̀ òsì yín lágbára bí ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ yín ló lọ sílẹ̀ jù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

"Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì," Pápá wí. "Mo rò pé àrùn náà ti ń bọ̀. Mo fẹ́ dá a dúró."

"Ta ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Kí lẹ rí tí ẹ fi rò bẹ́ẹ̀?"

"Gíà ọkọ̀ mi kò wọlé fún mi mọ́."

Ẹnu ya dókítà. Ó ní kí Pápá dúró lábẹ́ ìtọ́jú di ọjọ́ kejì, kí ó má sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi oògùn kún oògùn mọ́ láé. Gloria jáde lọ ra nǹkan tí wọ́n máa lò. Ó ku Winifred àti Pápá nínú yàrá.

"Ọkọ̀ ò ṣàìsàn," Pápá ń dá sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lókè àjà. "Ẹsẹ̀ ò ṣàìsàn. Ibo wá ni ọ̀rọ̀ wà? Á jẹ́ pé ọpọlọ mi ló ń lọ nìyẹn. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá ń lọ kì í mọ̀."

Gbogbo ohun tí Winifred ti ń dì mọ́ra tú. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ yéni. "Pápá, kì í ṣe ọpọlọ yín. Èmi ni. Mo purọ́ fún yín. Èmi ni mo gbé ọkọ̀ yín jáde lọ́jọ́ Àìkú tí mo ní inú ń run mí. Mo ṣe gíà náà lọ́nà tí kò yẹ. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Pápá yí ojú sí i. Ó wò ó títí, Winifred kò sì lè gbé orí sókè.

"O lọ síbo?"

"Marina ni, sà. Èmi àti Ọláyínká."

"O ò ní ìwé ìwakọ̀. Bí o bá pa ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Bí o bá pa ara rẹ ńkọ́?" Kò pariwo. Ìbá sàn fún Winifred ká ní ó pariwo. "Mo bi ọ́ lójú Mọ̀núrù, o ní rárá."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀rù ló bà mí."

Pápá pa ojú dé. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú òkùnkùn. "Ṣùgbọ́n Mọ̀núrù ní gíà ò bàjẹ́. Mo fojú ara mi rí i tó wọlé fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ kò tíì tú u. Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fo nǹkan kan. O mú kọ́kọ́rọ́, o wọ ọkọ̀. Kí lo kọ́kọ́ ṣe?"

Winifred nu imú rẹ̀. "Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi ò dé kílọ́ọ̀ṣì, ni mo bá fa ìjókòó síwájú."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Nígbà tí ẹ padà dé ńkọ́?"

"Mo tì í padà sẹ́yìn, kí ẹ má bàa mọ̀."

"Débo?"

"Títí tó fi dúró, sà. Tí kò lè lọ mọ́."

Pápá dìde jókòó lórí ibùsùn. "Títí tó fi dúró," ó tún un sọ. Ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, ó wò ó, ó sì wo Winifred. "Èmi kì í jókòó débẹ̀. Láti ọdún tí mo ti ra ọkọ̀ yẹn ni ìjókòó mi ti wà lójú kan, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́ rí. Nítorí náà ni kílọ́ọ̀ṣì fi jìnnà sí mi. Mò ń tẹ̀ ẹ́, kì í wọlẹ̀ tán. Mọ̀núrù ga, ẹsẹ̀ tirẹ̀ dé e."

Winifred gbé orí sókè. "Ṣé pé ìjókòó lásán ni?"

"Ìjókòó lásán kọ́," ni Pápá dá a lóhùn. "Bí o bá ti sọ òótọ́ ní ọjọ́ tí Mọ̀núrù bèèrè, ojú ẹsẹ̀ ni ì bá ti mọ̀."

Nígbà tí wọ́n dá Pápá sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì tó sì sinmi tán, wọ́n ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀. Gloria dúró tì wọ́n, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì le. Pápá na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó fà á síwájú díẹ̀, ó jókòó. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Winifred pa ojú dé.

Kò sí ariwo kankan. Nígbà tó la ojú, ọkọ̀ ti rìn síwájú díẹ̀, Pápá sì ti gbé orí lé sítíárì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn títí tó fi nu ojú rẹ̀.

Ìyà tó yẹ Winifred kò fò ó. Gloria gba fóònù rẹ̀, ó mú un lọ sílé Ọláyínká, àwọn ọmọbìnrin méjèèjì sì rojọ́ lójú àwọn òbí. Wọ́n pa fídíò náà rẹ́. Pápá ní kó lọ bá Mọ̀núrù fúnra rẹ̀, kó sì bẹ̀ ẹ́, nítorí pé ó purọ́ fún Mọ̀núrù náà.

Mọ̀núrù wà lábẹ́ ọkọ̀ kan nígbà tí Winifred dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ó jáde, ó nu ọwọ́, ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán.

"Kò yà mí lẹ́nu pé ìjókòó ni," ó wí. "Ó yẹ kí n ti fura. Orúnkún mi máa ń kan sítíárì ọkọ̀ yẹn, lọ́jọ́ náà kò kàn án, mi ò sì ro ìdí rẹ̀." Ó jókòó sórí táyà. "Ṣùgbọ́n wò ó, ọmọ mi. Bí a bá ń wá ohun tó bàjẹ́, òótọ́ la fi ń wá a. Irọ́ kan péré lo pa fún mi, mo sì ṣìnà. Bàbá rẹ àgbà náà ṣìnà, ó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Bí ó bá kú nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn ńkọ́?"

Winifred kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, Mọ̀núrù sì ní kó dìde.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Pápá gbé Bàbá Àlàó lọ sí Marina. Kí ó tó jáde, ó fi ọwọ́ kan abẹ́ ìjókòó, ó dán kílọ́ọ̀ṣì wò, ó sì tún dán an wò. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà lórí tábìlì sínú àpò rẹ̀. Kò bínú sí Winifred mọ́, àmọ́ kò tíì pè é kó wá bá òun yí gíà, Winifred kò sì bèèrè.

Ohun tó yé Winifred ni pé, gbígbé tí òun gbé ọkọ̀ jáde jẹ́ àṣìṣe tí wọ́n ì bá bá òun wí lé lórí ní ọjọ́ kan, kó sì tán. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ni "rárá, sà" tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi òótọ́ pamọ́ kò mọ ibi tí irọ́ rẹ̀ máa dé, kò sì mọ ẹni tó máa fi ara gbà á. Bí o bá ṣẹ̀, tètè sọ ọ́, nígbà tí ó ṣì kéré tó láti tún ṣe.